Ìdérí Ìgò Lórí Àwo Márùn-ún

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Karùn-ún, 1991

Òjò láti ìdájí. Aláìsàn mẹ́tàdínlógún ni mo bá nílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ la sì ní. Onígbáméjì ni, ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Mẹ́tírọ́ọ̀nù Dorothy ní kí n máa kọ "ìgbẹ́ gbuuru" sínú káàdì títí ìjọba yóò fi sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́. Ìgbẹ́ gbuuru ló gbé ìyá oníbúrẹ́dì òpópónà kejì lọ láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán.

Mẹ́tírọ́ọ̀nù fi áńkáṣíìfù olóòórùn dídùn bo imú káàkiri wọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn. Aago méjì lù, ó ti padà sí Àpápá rẹ̀.

Ọjọ́rú, 15

Ìjà. Kì í ṣe ti oògùn, kì í ṣe ti owó oṣù. Ta ni yóò da garawa nù?

Iṣẹ́ márùn-ún ni gbogbo wa ń sá fún níbí. Garawa tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kún, ẹnì kan ní láti máa gbé e lọ dà sí ṣáláńgá. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ń fẹ́ fífọ̀. Omi kànga Ajégúnlẹ̀ kò ṣeé mu mọ́, nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa lọ gbé omi ẹ̀rọ wá láti Warehouse Road. Bí aláìsàn bá kú, ẹnì kan ní láti wẹ̀ ẹ́ kó sì dì í. Ẹnì kan sì ní láti jáde lọ sẹ́nu géètì lọ sọ fún ẹbí rẹ̀.

Àwọn tó wà nílẹ̀ láti ṣe é: Obiageli, nọ́ọ̀sì tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Àlíù, dírẹ́bà, tó ń nu bàtà rẹ̀ ju bó ṣe ń nu ọkọ̀ lọ. Onoriode, ẹ̀ṣọ́, ọkùnrin tó tóbi bí ìlẹ̀kùn. Akpevwe, agbálẹ̀, opó ọlọ́mọ méjì. Mẹ́tírọ́ọ̀nù kò sí nínú wọn. Ó ní ipò òun kò gbà á. Èmi náà kò ka ara mi mọ́ wọn. Káàdì ni wọ́n ní kí n wá máa kọ níbí.

Ìdájọ́ Mẹ́tírọ́ọ̀nù: ẹnì kan, ọjọ́ kan. "Gbogbo iṣẹ́ tó bá bọ́ sí ọjọ́ rẹ, ìwọ lo ni ín." Inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ayé.

Àbámẹ́ta, 18

Òkú mẹ́ta lọ́jọ́ Obiageli. Ọjọ́ Àlíù, kò sí ọ̀kan; ó sùn sínú ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù títí oòrùn fi yí.

"Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n má kú lọ́jọ́ mi ni?" ló ń sọ.

"Ọjọ́ tìẹ ń bọ̀," ni Obiageli dá a lóhùn. "Ọlọ́run á kó wọn wá bá ẹ rẹpẹtẹ."

Àdúrà tí nọ́ọ̀sì ń gbà nìyẹn nínú ilé ìwòsàn.

Kì í sì í ṣe ọjọ́ nìkan ni kò dọ́gba. Onoriode gbé garawa mẹ́wàá láì fajú ro, ṣùgbọ́n nígbà tó kàn án láti lọ sọ fún bàbá kan pé ọmọ rẹ̀ ti kú, ọkùnrin gìrìwò náà dúró sẹ́yìn géètì, ó ń ṣí i, ó ń tún un tì. Ohun tó wá sọ nígbẹ̀yìn ni, "Dem say make you wait small." Bàbá náà dúró fún wákàtí mẹ́rin.

Àwọn ọmọ fọ́ọ̀mù kejì tí mo kọ́ ìbá ti rí àṣìṣe Mẹ́tírọ́ọ̀nù kí n tó kọ ọ́ tán sójú pátákó. Ọjọ́ ló ń pín. Ẹrù ló yẹ kó pín, ẹrù kan náà kì í sì í wúwo bákan náà lórí èèyàn méjì. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi kọ́ni ní ìṣirò kí ìjọba tó sọ pé olùkọ́ ti pọ̀ jù.

Ọjọ́ Ajé, 20

Mo ṣa ìdérí ìgò lẹ́yìn ìsọ̀ ẹlẹ́rìndòdò, mo fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n. Mo to àwo márùn-ún sórí tábìlì mi, àwo kan fún iṣẹ́ kan. Ogún ìdérí ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Iṣẹ́ tó o bá kórìíra jù, kó ìdérí púpọ̀ sínú àwo rẹ̀. Èyí tó o bá lè fara mọ́, fi díẹ̀ sí i. Ẹni tí ìdérí rẹ̀ bá kéré jù lórí iṣẹ́ kan, òun ló ni iṣẹ́ náà."

Àlíù rẹ́rìn-ín. "Antí Níyì, ṣé ayò lẹ fẹ́ máa ta pẹ̀lú wa ni?"

Akpevwe nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ojú ka wa. "Antí, ẹ má bínú o. Iṣẹ́ márùn-ún, àwa mẹ́rin. Who get the last one?" Ó wá wò mí.

Ojú tì mí, inú sì bí mi pé ojú tì mí. Agbálẹ̀! Mo ka ogún ìdérí tèmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Ó ṣiṣẹ́.

Onoriode fi ìdérí mẹ́wàá sí ọ̀rọ̀ ẹnu géètì, ó fi méjì péré sí garawa. Garawa di tirẹ̀. Obiageli fi méjì sí ẹnu géètì. Kó ṣáà ti rí ibi tí yóò ti sọ̀rọ̀. Àlíù fi mẹ́ta sí omi, nítorí ó fẹ́ kí ayé máa rí i lójú títì. Akpevwe fi ẹyọ kan sí òkú. Ẹyọ kan! Mo bi í bóyá ohun tí mo sọ yé e. Ó ní ó yé òun. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló ṣẹ́kù fún mi, mẹ́rin ni mo fi síbẹ̀.

Ogún ìdérí lórí iṣẹ́ márùn-ún: bí gbogbo wa bá pín in dọ́gba, ìdérí mẹ́rin-mẹ́rin ló kan iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí ẹrù rẹ̀ ju mẹ́rin lọ lójú ara rẹ̀. Àlíù rò pé òun ti rẹ́ wa jẹ. Obiageli náà rò bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìṣirò náà ti dùn mọ́ mi nìyẹn: olúkúlùkù wọn gbà pé òmùgọ̀ ni àwọn yòókù.

Ẹtì, 24

Ọjọ́ mẹ́ta láìsí ìjà. Dókítà, tó máa ń ti Àpápá wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní wọ́ọ̀dù mọ́ tónítóní. Mẹ́tírọ́ọ̀nù dá a lóhùn pé àdúrà ni àwọn ń gbà.

Àwọn mẹ́rúwà tó ń ta omi ti sọ kẹ́ẹ̀gì omi kan di náírà kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28

Òjò. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì mọ́kànlélógójì, kò sí oòrùn láti sá ẹyọ kan.

Ọjọ́bọ̀, 30

Àwọn kan wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Wọn ò bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Wọ́n yí gíláàsì wálẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, wọ́n na ìwé kan sí mi tí wọ́n kọ "Ẹ Máa Fọ Ọwọ́ Yín" sí. Mo bi wọ́n pé omi wo la ó fi fọ̀ ọ́. Wọ́n yí gíláàsì padà sókè.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹfà

Aláìsàn mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. A ti tẹ́ ẹní sínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Àwọn ẹbí ń fo ògiri wọlé, nítorí náà Onoriode gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ géètì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, a sì ti yọ ọ́ kúrò nínú ìpín. Ó ku àwa mẹ́rin sórí iṣẹ́ márùn-ún. A tún ìdérí dà.

Mo rí Àlíù tó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ilé: mélòó lo fẹ́ fi síbí, mélòó lo fẹ́ fi sọ́hùn-ún? Kò kàwé kọjá pírámárì, ó sì ti rí ihò inú ìṣirò mi. Ẹni tó bá pariwo ìkórìíra jù ni iṣẹ́ ń sá fún. Ó fi mẹ́sàn-án sí garawa. Obiageli fi mẹ́jọ.

Nígbà tó kàn mí, mo dúró ti àwo garawa. Mo bí ọmọ mẹ́ta. Mo tọ́jú bàbá mi lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn fún ọdún méjì. Ìgbẹ́ èèyàn kò bà mí lẹ́rù. Òótọ́ ibẹ̀, méjì ni.

Mo fi mẹ́sàn-án.

Akpevwe fi mẹ́ta sí garawa, ó sì tún fi ẹyọ kan sí òkú. Méjèèjì di tirẹ̀. Mẹ́ta àti ẹyọ kan jẹ́ mẹ́rin. Nígbà tó jẹ́ pé àwa mẹ́rin ló ń pín ogún báyìí, márùn-ún ni ìdá ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí a bá tẹ̀ lé ìwé, kò tiẹ̀ tíì gba ìdá tirẹ̀ pé. Ìṣirò náà pé pérépéré.

Òmùgọ̀ obìnrin.

Ọjọ́bọ̀, 6

Òkú márùn-ún láti ọjọ́ Ajé. Iyọ̀ àti ṣúgà tí a fi ń po omi fún wọn ti gbówó lórí. Oníṣòwò tó ń tà á wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àsìkò rẹ̀ nìyí." Ó máa ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ohùn òkè.

Àbámẹ́ta, 8

Mo bá Akpevwe lẹ́yìn ilé, ó ń fi òróró pa ọwọ́. Ísáàlì apakòkòrò tó fi ń fọ garawa ti bó ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Mo ní, "Kí ló dé tó o máa ń fi ẹyọ kan sí òkú? Ṣé kò rí ọ lára ni?"

"Ó ń rí mi lára, Antí. Gbogbo ìgbà ni mo ń sunkún nínú."

"Kí ló wá fà á?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára yẹ̀rì. "Ẹ rí bí Sista Obiageli ṣe di àwọn mẹ́ta ọjọ́sí? Bí ẹni di iṣu. Wọ́n ní ìyá, Antí. If I put plenty, ta ló máa wẹ̀ wọ́n dáadáa?"

Mo padà sídìí tábìlì, mo ṣí ìwé ìṣirò mi. Ohun tí mo bi wọ́n ni: báwo lo ṣe kórìíra rẹ̀ tó? Ohun tí obìnrin yìí ń dáhùn ni: báwo ni mo ṣe lè gbà á mọ́ra tó, nítorí tiwọn? Ìdérí kan náà, àwo kan náà, mo sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ni, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ro ìwọ̀n ìrẹsì mọ́ ìwọ̀n aṣọ, òdo ni mo máa ń fún un, mo sì máa ń ka orúkọ rẹ̀ sókè fún kíláàsì.

Ó yẹ kí n lọ sọ lónìí pé irọ́ ni mẹ́sàn-án tèmi. Ó di ọjọ́ kẹtàdínlógún, nígbà tí a óò tún ìdérí dà.

Ọjọ́rú, 12

Akpevwe ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá, garawa ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ nìyẹn. Kó tó di ọ̀sán, ojú rẹ̀ ti wọnú, awọ ọwọ́ rẹ̀ ti hunjọ bíi ti arúgbó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Obiageli gún un kó tó rí iṣan tó lè fa omi sí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò sọ̀rọ̀.

Ìgò mẹ́rin ló kù nínú omi tí a ń fà síni lára, fún gbogbo wọ́ọ̀dù. Dókítà kọ ìwé sí ilé oògùn kan ní Àpápá. Aago mọ́kànlá ni Àlíù gbé ọkọ̀ jáde.

Aago kan, kò dé. Aago mẹ́ta, kò dé. Mo bú u lójú gbogbo wọn. Mo ní yóò ti wà níbi kan ní Liverpool Road tó ń jẹ súyà, tó ń nu bàtà. Mo sọ ọ́ sókè débi pé àwọn aláìsàn yíjú.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó wọlé pẹ̀lú páálí méjì lórí, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ní bàtà. Tírélà méjì ti kọlu ara wọn, ọ̀nà dí pa. Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn wá láti Àpápá.

"Ṣé ó ṣì wà?" Gbogbo ohun tó bi wá nìyẹn.

Èké ni, ọ̀lẹ ni, mi ò sì ní torí páálí méjì sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹsẹ̀ rìn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13

Èmi ni mo gbé garawa rẹ̀. Ìgbà mọ́kànlá láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Kò wúwo. Kò ju ìdérí méjì lọ, bí mo ti mọ̀.

Mẹ́tírọ́ọ̀nù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Níyìọlá, ẹ kú ìfaradà." Mo ní kó yàgò fún mi.

Àbámẹ́ta, 15

Akpevwe la ojú láàárọ̀, ó béèrè ẹ̀kọ. Obiageli fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ padà, láìdákẹ́, bí ẹ̀rọ tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí. Mo dúró kó lọ tán.

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Akpevwe, mo parọ́. Garawa yẹn, èmi ló yẹ kí n gbé e láti ọjọ́ yìí. Ìdérí méjì ló yẹ kí n fi síbẹ̀."

"Mo mọ̀, Antí."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Ẹni tó kórìíra ìgbẹ́ kì í jẹun nínú wọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin, everyday lẹ̀ ń gbé oúnjẹ yín síbẹ̀."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ?"

"Who I go tell? Ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ ọ́ sínú ìwé."

Mo fa aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀, mo dìde.

Ọjọ́ Ajé, 17

Wọ́n péjọ fún ìdérí. Mo sọ fún wọn, níwájú Mẹ́tírọ́ọ̀nù, pé mo parọ́, iye tí mo fi parọ́, àti ẹni tó gbé garawa nítorí rẹ̀. Mo da ìdérí náà sí gọ́tà.

Mẹ́tírọ́ọ̀nù ní, "Báwo la ṣe wá fẹ́ pín iṣẹ́?"

"Mo ti mú garawa, Mà. Ó ku mẹ́rin nílẹ̀."

Ẹ rí ojú rẹ̀! Ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ jí i gbé. Obiageli ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mẹ́jọ ni mo fi sí garawa. Òótọ́ ibẹ̀, mẹ́rin ni." Ó ní òun á máa wẹ àwọn òkú, àti pé òun á béèrè lọ́wọ́ Akpevwe bó ṣe ń dì wọ́n. Onoriode ní òun á máa sọ fún ẹbí fúnra òun, nítorí òun náà ló ń ṣọ́ géètì, ojú kan náà ni wọ́n ń wò. Òógùn bò ó bó ṣe ń sọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣe é lọ́sàn-án, ó di ọwọ́ obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kú mú; obìnrin náà ló ń pẹ̀tù sí i nínú.

Àlíù gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ jáde. Nígbà tó gbé omi dé, mo bá a nídìí ọpọ́n aṣọ. Aṣọ náà kò mọ́. Mo tún gbogbo rẹ̀ fọ̀.

Àìkú, 23

Àlíù lọ jẹ Iléyá. Aláìsàn mọ́kàndínlógún. Òkú kankan kò sí láti ọjọ́ mẹ́rin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Wọ́n fún Mẹ́tírọ́ọ̀nù ní ìwé ẹ̀yẹ ní gbọ̀ngàn kan ní Àpápá, nítorí "ìfara-ẹni-rúbọ". Ó gbé e kọ́ sí ara ògiri, lókè tábìlì mi. Mo yí ojú rẹ̀ sí ògiri. Ó yí i padà. Mo tún un yí.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Keje

Akpevwe padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó rù, ọrùn aṣọ rẹ̀ ń yọ́ bọ́ sí èjìká. Aláìsàn mẹ́fà ló kù. Mo bi í pé èwo nínú iṣẹ́ náà ló lè fara dà báyìí.

"Antí, ohun tá a kórìíra lẹ̀ ń bi wá. Ẹ ò bi wá rí pé èwo la fẹ́."

"Ta ló ń fẹ́ irú iṣẹ́ báyìí?"

"Èmi. Mo fẹ́ omi."

Mo ní omi le, kẹ́ẹ̀gì wúwo, àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ kò sì ní ìwà.

Ó ní, "Ọdún mẹ́rin ni mo ti wà ní Ajégúnlẹ̀ yìí. Iṣẹ́, ilé, ọmọ. Mi ò tíì rí ọkọ̀ ojú omi ńlá rí. Fèrè rẹ̀ nìkan ni mo máa ń gbọ́."

Mo ro ó pé ìwà òmùgọ̀ ni kí èèyàn torí ọkọ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì. Mo sọ fún Àlíù kó yẹra síwájú píkọ́ọ̀pù fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2

Oòrùn, ní àkókò tó yẹ. Aago mẹ́jọ ni wọ́n lọ, aago mẹ́wàá ló yẹ kí wọ́n dé. Aago méjìlá ààbọ̀ ni mo gbọ́ ìró ọkọ̀. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ló ṣófo nínú mẹ́wàá.

Akpevwe ní òun bẹ Àlíù kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ọgbà wáàfù, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Ó ní ọkọ̀ náà pupa, ó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ, àwọn atukọ̀ sá aṣọ wọn sí òkè rẹ̀ bí ẹni tó wà nílé, ọ̀kan nínú wọn sì juwọ́ sí òun.

Mo bú u. Mo bú u bó ṣe yẹ kí n bú u: aláìsàn mẹ́fà wà nílẹ̀, omi kò tó, ó lọ ń wo aṣọ sísá. Mo bú Àlíù mọ́ ọn. Akpevwe kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ mí, ẹ̀rín kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Mo gba kẹ́ẹ̀gì méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Garawa bẹ́ẹ̀dì kẹta ti kún, mo lọ dà á nù.